Òkè Tí Ọkọ̀ Èrò Ń Dé

Bí àlejò bá dé Adó-Èkìtì tó ní òun fẹ́ rí òkè, Ìkọ́gòsì tàbí Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ohun tí a ó sì sọ tẹ̀lé e ni pé kó lọ wá mọ́tò. Kò sí àbùkù nínú ìmọ̀ràn yẹn fún ẹni tó ní mọ́tò. Ṣùgbọ́n ó ti yọ ọ̀pọ̀ ará ìlú kúrò nínú ohun tó yí wọn ká: olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì EKSU àti ti Pólì, aránṣọ, àwọn ìyá tó ń tajà lọ́jà Ọba. Gbogbo wọn ló ń rí òkè láti ojú fèrèsé láràárọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì gun ẹyọ kan rí. Èrò tèmi ni pé òkè tó yẹ Adó jù lọ ni èyí tí ọkọ̀ èrò ń dé, tí a lè gùn kí ọjọ́ tó pé ìdajì, ká sì padà sílé jẹun ọ̀sán. Mo sì tún ní ohun kan láti fi kún un tí àwọn ènìyàn kì í tètè gbà: ọkọ̀ èrò yẹn kì í ṣe ohun tí a fi ń dí àlàfo mọ́tò ara ẹni nítorí pé owó kò tó. Òun gan-an ló ń mú kí ìrìn náà dára. Ìkẹ́rẹ́ ni mo fẹ́ fi gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀, nítorí pé n kò mọ ìlú mìíràn nítòsí wa tí ẹ̀rí rẹ̀ fojú hàn tó bẹ́ẹ̀.

Láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́ kò pé ogún kìlómítà. Ojú ọ̀nà kan náà ló lọ títí dé Àkúrẹ́, nítorí náà ọkọ̀ kì í wọ́n níbẹ̀ láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Tákísí tó ń gba àdúgbò Àjílòsun jáde ní Adó kì í wo aago; bí èrò bá ti pé, ó gbéra. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, èrò kì í pẹ́ pé, torí àwọn olùkọ́, àwọn ọlọ́jà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ BOUESTI, yunifásítì tó jáde láti ara Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Olùkọ́ Ìkẹ́rẹ́, ni wọ́n jọ ń wá àyè nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé ó lè fà díẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú yóò san owó àyè tó ṣẹ́kù kí dẹ́rẹ́bà lè máa lọ. Ẹ fi èyí wé Ìkọ́gòsì. Ẹ ó gba Ìyìn, Ìgèdè àti Àrámọkọ kọjá, ó ṣeé ṣe kí ẹ wọ ọkọ̀ ju ẹyọ kan lọ, ọ̀kadà ló sì sábà máa ń parí iṣẹ́ náà. Omi gbígbóná àti omi tútù tó pàdé níbẹ̀ yẹ ní wíwò, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ ọkọ̀ èrò lọ yóò lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ rẹ̀ lórí ìjókòó àti ní ibùdókọ̀, ìwọ̀nba tó bá kù ni yóò fi rìn. Òkè Ìdànrè náà rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń ti Adó lọ: ó di Àkúrẹ́ ná, kó tó tún wá ọkọ̀ mìíràn. Ibi tó ga jù tàbí tó lókìkí jù kọ́ ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Wákàtí mélòó ni ẹsẹ̀ yóò fi wà lórí ilẹ̀ nínú wákàtí tí a fi kúrò nílé? Bí a bá fi ìbéèrè yìí yan òkè, Ìkẹ́rẹ́ ló máa jáwé olúborí.

Bí ọkọ̀ bá sì ti ń súnmọ́ ìlú náà, òkúta ló máa ń gba ojú ènìyàn. Òkè Olósùnta dìde gìrìwò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Òròlé náà dá dúró pẹ̀lú orí ṣóńṣó rẹ̀, àwọn kéékèèké sì wà láàárín. Òkúta inú ilẹ̀ jíjìn ni wọ́n, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní granite àti charnockite, tí ooru abẹ́ ilẹ̀ sè ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ilẹ̀ tó bò wọ́n mọ́lẹ̀ ni òjò wẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹrù yẹn kúrò lórí wọn, ara òkúta náà dẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Ẹni tó bá mọ èyí mọ ibi tó yẹ kó gbẹ́sẹ̀ sí. Pẹpẹ òkúta tó bá dún gbọ̀ngbọ̀n lábẹ́ bàtà ti fẹ́ yọ kúrò lára ìyá rẹ̀. Ẹ má ṣe jọ dúró lórí rẹ̀ ní ẹni mẹ́ta mẹ́rin. Ilà dúdú tí ẹ bá rí tó ń ti òkè wá sísàlẹ̀ lára àpáta, ipa omi ni. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tó dà bí èéfín ló kun ún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó le koko. Bí òjò bá ti kán sí i, ó di yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀, kò sì sí bàtà tó lè dì í mú dáadáa. Inú pàlàpálá àpáta ni oyin máa ń fi ṣe ilé, oyin ilẹ̀ wa kì í sì í fẹ́ ariwo. Nítorí náà, orin àti ìpariwo kò yẹ níbẹ̀. Koríko kan tún wà tó ń hù lórí àpáta lásán, tó máa ń gbẹ háúháú nígbà ọyẹ́ bí ẹni pé ó ti kú, tí yóò sì tutù yọ̀yọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀. Àwọn tó ń gùn sábà máa ń di ìdì rẹ̀ mú bí wọ́n bá ń gòkè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ọdún gbọọrọ ló fi ń dàgbà, òun ló sì di ìwọ̀nba erùpẹ̀ tó wà lórí òkúta mú.

Ìsàlẹ̀ òkè náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni ìrìn yìí ti dùn jù. Òkúta kò mu omi. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí Olósùnta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò ṣàn sí, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ ibẹ̀ fi ń tutù pẹ́ ju ilẹ̀ oko tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tó bá rọra rìn yíká ẹsẹ̀ òkè kan yóò kọjá lára ọ̀gẹ̀dẹ̀, kòkó, obì àti ẹ̀fọ́, yóò sì rí i pé bí ilẹ̀ ti ń jìnnà sí òkúta ni ẹ̀gẹ́ ń gba ipò wọn. Ilẹ̀ ló yan ohun tó yẹ ní gbígbìn, àgbẹ̀ sì gbọ́ ohun tó wí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti fojú ara rẹ̀ rí i níbẹ̀, olùkọ́ jógíráfì kò ní láti yà á sójú pátákó mọ́.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìdajì ọjọ́. Ọ̀gbẹ́ni William Naismith, ará Scotland, ló ṣe ìṣirò kan ní ọdún 1892 tí àwọn agùnkè ṣì ń lò káàkiri ayé: wákàtí kan fún máìlì mẹ́ta, kí a sì fi wákàtí kan kún un fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 2,000 tí ènìyàn bá gùn sókè. Ilẹ̀ tútù ló fi ṣírò. Ní ọ̀dọ̀ wa, àpáta lásán tí oòrùn bá ti ń pa láti aago mẹ́wàá máa ń gbóná ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Ooru ń ti òkè bọ̀, ó sì ń ti abẹ́ bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìṣirò Naismith rìn ní Ìkẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ fi bí ìdajì lé e, kó sì ka gbogbo rẹ̀ mọ́ òwúrọ̀. Oòrùn máa ń yọ lágbègbè wa láàárín bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje. Ẹni tó bá kúrò ní Adó nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ yóò ti wà lẹ́sẹ̀ òkè kí oòrùn tó ràn, yóò gùn nígbà tí òkúta ṣì tutù, yóò sì ti padà sábẹ́ igi kí aago mọ́kànlá tó lù. Lóṣù Kẹrin àti lápá ìparí oṣù Kẹjọ, oòrùn ọ̀sán máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí àtàrí wa gan-an. Òjìji kò sí lórí àpáta nígbà náà. Nígbà òjò, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ni ààrá sábà máa ń sán, orí òkè lásán sì ni ibi tó burú jù láti wà nígbà bẹ́ẹ̀. Ohun gbogbo ló ń sọ pé òwúrọ̀ ni. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé ìdajì ọjọ́ kéré, mo máa ń dáhùn pé ilẹ̀ ló fún wa ní ìwọ̀n yẹn. Ẹni tó fẹ́ fi odidi ọjọ́ gun òkè nílẹ̀ Èkìtì, wákàtí tó burú jù ló ń rà lówó púpọ̀.

Mo ní ọkọ̀ èrò ló ń mú kí ìrìn náà dára. Ẹni tó wa mọ́tò ara rẹ̀ lọ ti so ara rẹ̀ mọ́ ibi tó páàkì. Ibi tó ti gbéra ni yóò padà sí, ojú ọ̀nà tó gbà lọ ló sì sábà máa ń gbà bọ̀, pẹ̀lú ọkàn tó ń rò ó bóyá wọ́n ti fọ́ gíláàsì mọ́tò. Ẹni tó wọ tákísí kò ní ẹrù kankan nílẹ̀. Ó lè sọ̀ ní apá kan ìlú, kó gba ọ̀nà oko yí ẹsẹ̀ òkè ká, kó gun èjìká àpáta, kó sọ̀kalẹ̀ sí apá kejì, kó la àárín ìlú kọjá níwájú ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, kó sì dúró létí títì de ọkọ̀ Adó àkọ́kọ́ tó bá dé. Ìrìn tó bẹ̀rẹ̀ níbì kan tó sì parí síbòmíràn nìyẹn, irú èyí tí ẹsẹ̀ àwọn bàbá wa mọ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí à ń pè ní Ọ̀sómàáló, tí wọ́n ń ru aṣọ káàkiri Èkìtì láti ta láwìn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, kì í rìn lọ rìn bọ̀ lójú kan. Ìlú dé ìlú ni wọ́n ń gba ọ̀nà oko. Ọ̀pọ̀ nínú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣì wà, nítorí pé àgbẹ̀ ṣì ń lò ó. Ọkọ̀ èrò ló tún fún wa ní àǹfààní láti lò ó bẹ́ẹ̀. Ó tún ní iṣẹ́ kan tó ń ṣe tí kò hàn síta: ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ nínú ọkọ̀ ti gbọ́ ìròyìn ìlú kó tó dé ibẹ̀. Yóò ti mọ̀ bóyá ọdún ń lọ lọ́wọ́, bóyá òjò ti ba afárá oko jẹ́, bóyá ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ti gíláàsì mọ́tò pa kò ní gbọ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan la lè jàǹfààní báyìí. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ láti Manchester àti àyíká rẹ̀, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rìn gun òkè Kinder Scout tí àwọn onílẹ̀ ti tì mọ́ ará ìlú. Wọ́n mú lára wọn, wọ́n sì rán márùn-ún lọ sẹ́wọ̀n. Nígbà tó fi di 1949, ilé aṣòfin ti ṣe òfin tó dá àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè sílẹ̀, agbègbè Peak District, níbi tí òkè yẹn wà, ló sì kọ́kọ́ di ọ̀kan ní 1951. Ará ìlú tó ń ṣiṣẹ́ ilé ẹ̀rọ, tí ó ní ọjọ́ kan péré láti sinmi, ni àwọn tó gun òkè náà lọ́jọ́ yẹn. Ní Hong Kong, tí ilẹ̀ ti wọ́n ju wúrà lọ, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ilẹ̀ náà ni ìjọba dá sí fún òkè àti igbó. Ọ̀nà ẹsẹ̀ MacLehose tí wọ́n ṣí ní 1979 gùn tó 100 kìlómítà, ṣùgbọ́n wọ́n pín in sí mẹ́wàá, bọ́ọ̀sì ìlú sì ń dé ìtòsí ọ̀pọ̀ nínú ìpín náà. Ẹni tó jí láàárọ̀ lè rin ìpín kan kó sì padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Nítòsí wa níhìn-ín, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Ìdàáṣà, lórílẹ̀-èdè Benin, ń gbé láàárín òkè tí wọ́n ń kà sí 41, ìlú wọn sì wà lójú ọ̀nà ńlá tó ti Kútọnu lọ sí Parakou, tí ọkọ̀ èrò ń gbà tọ̀sán-tòru. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí òkè ti di ti ará ìlú, ọkọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ wà nítòsí rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ìyà lásán ni. Kí ni ènìyàn ń wá lórí òkè nígbà tí kò lóko níbẹ̀, tí kì í ṣe ọdẹ? Ìbéèrè tó lọ́wọ̀ nìyí, nítorí pé ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ rin oko láti kékeré kò rí ìgbádùn kankan nínú ìrìn. Ṣùgbọ́n ìlú Adó ti yàtọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996 ni ó ti di ìlú ọ́fíìsì: ìjókòó láti aago mẹ́jọ, ìjókòó nínú ọkọ̀, ìjókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ara ṣiṣẹ́ fún 150 ìṣẹ́jú, ó kéré tán, láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òwúrọ̀ Sátidé kan ní Ìkẹ́rẹ́ yóò san gbogbo gbèsè yẹn. Kò sì ṣe òótọ́ pé Yorùbá kì í gun òkè bí kò bá ní oko níbẹ̀. Ẹ wo àwọn tó ń lọ sórí òkè àdúrà. Láti ìgbà ìsọjí tí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní 1930, tó ti Iléṣà tàn dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè, gígun òkè ti di ara ẹ̀sìn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ọkọ̀ èrò sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wọ̀ dé ibẹ̀, tarúgbó taboyún. Ẹsẹ̀ wọn ló la àwọn ọ̀nà kan tí à bá máa wá. Àwọn ni agùnkè tó dáńtọ́ jù nílẹ̀ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kì í pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè tó le jù ni ti ààbò, n kò sì ní fojú kékeré wò ó. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì yìí, Onímọ̀jọ ti Ìmọ̀jọ àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé pẹ̀lú olùkọ́ wọn gbé lágbègbè Ẹmùré. Ẹni tó bá ní kí àwọn ènìyàn má bẹ̀rù lẹ́yìn èyí kò bọ̀wọ̀ fún òkú. Síbẹ̀, ìbẹ̀rù tó dára máa ń yan ibi. Ọ̀nà tó dá, tí ọkọ̀ kan ń gbà lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú mélòó kan, tí igbó dí lọ́tùn-ún lósì, ló yẹ ká sá fún. Òkè tí ilé yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, tí àgbẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀, tí títì ńlá kò sì jìnnà sí i, kò rí bẹ́ẹ̀. Mo tún gbà gbọ́ pé èrò méje tó wọ tákísí gáréèjì kò fa ojú mọ́ra bí ìdílé kan tó dá gbé jíìpù lọ síbi tí kò sí ènìyàn. Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni dá lọ. Ẹ jẹ́ mẹ́rin ó kéré tán, kí ọmọ ìlú kan wà láàárín yín, kí ẹni kan nílé mọ wákàtí tí ẹ ó padà, kí ẹ sì ní nọ́ńbà Àmọ̀tẹ́kùn lọ́wọ́, àjọ tí àwọn ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀ ní 2020. Ẹ kí gbogbo àgbẹ̀ tí ẹ bá bá lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá sọ pé “ẹ kú iṣẹ́ o” ti fi ara rẹ̀ hàn, wọn yóò bi í níbi tó ti wá, wọn yóò sì rántí ojú rẹ̀. Bí ẹ bá sì dé oko tó yẹ kí ènìyàn wà níbẹ̀ láàárọ̀ tí ẹ kò rí ẹnikẹ́ni, ẹ padà sẹ́yìn kí ẹ béèrè ìdí. Àgbẹ̀ kì í fi oko sílẹ̀ lásán ní àsìkò iṣẹ́. Ọkọ̀ Adó kò ní pẹ́ dé, òmíràn yóò sì tún wà ní Sátidé tó ń bọ̀. Òmìnira láti padà sẹ́yìn yìí rọrùn fún ẹni tó san owó tákísí ju ẹni tó ti náwó epo odidi ọjọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ Olósùnta tún yàtọ̀, torí òrìṣà ni. Ìlú Ìkẹ́rẹ́ ń ṣe ọdún rẹ̀ lọ́dọọdún, Olúkẹ́rẹ́ sì ni ìṣẹ̀ṣe fi ṣe olórí ètò ìbọ náà. Àwọn kan gbà pé èyí ni kò yẹ kí a fi gba arìnrìn-àjò láàyè níbẹ̀ rárá. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, ní òkúta lòkúta ń jẹ́, kò sí ẹni tó lè dá àwọn lẹ́kun. N kò gba ti ìkíní, torí pé ọdún náà fúnra rẹ̀ ń pe àlejò. Ti ìkejì ló bí mi nínú. Títọ́jú tí ìlú ti fi ọkàn tọ́jú òkè yìí fún ìran púpọ̀ ni ìdí tí a fi rí i bá, tí kò tíì di kòtò òkúta fífọ́ tàbí ààtàn. Ẹni tó ń gùn ún lónìí ń jẹ nínú èrè ìbọ̀wọ̀ yẹn. Ó yẹ kó béèrè kó tó gùn, ìbéèrè yẹn kò sì ṣòro fún ẹni tó ti sọ̀ lọ́kọ̀ láàárín ìlú: ilé àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kò jìnnà, wọn yóò sọ apá tó ṣí sílẹ̀ àti apá tí kò ṣí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ bọ́ bàtà níbì kan, ẹ bọ́ ọ. Bí wọ́n bá ní òní kò ṣeé ṣe, àwọn òkè tó kù wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ òkè kan ṣoṣo sì tó rìn fún òwúrọ̀ kan. Kristẹni àti Mùsùlùmí lè ṣe èyí láìba ìgbàgbọ́ wọn jẹ́. Ilé onílé ni. A kì í wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Àwọn tó nífẹ̀ẹ́ Èkìtì tọkàntọkàn yóò sọ fún mi pé kí ìjọba kọ́ àtẹ̀gùn ná, kó ṣe géètì, kó kọ́ ilé ìtura, kí a tó pe ènìyàn. Wọn a tọ́ka sí Olúmọ ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè sí fún àwọn tí eékún ń dùn, tàbí Ìdànrè tó ní àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dókè. Àwọn ibi ńlá ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: àárín ìlú ni Olúmọ wà láti ìgbà tí àwọn Ẹ̀gbá ti sá wá síbẹ̀ ní nǹkan bí 1830, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ pọ̀ sí lónìí. Ìsúnmọ́tòsí rẹ̀ ṣáájú ẹ̀rọ agbéniròkè. Ní Ìdànrè, àwọn tó gbé lórí òkè ló la ọ̀nà tiwọn kó tó di pé wọ́n sọ̀kalẹ̀ sí ìlú ìsàlẹ̀ ní ìgbà ìjọba amúnisìn. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń lọ ni àtẹ̀gùn yẹ kó tẹ̀ lé. Bí a bá kọ́ géètì kí ènìyàn tó ń lọ, ẹni tó gba iṣẹ́ àkànṣe ni yóò jèrè, koríko yóò sì bò ó láàárín ọdún díẹ̀. Ohun tí Ìkẹ́rẹ́ nílò kò wọ́n: kí ọ̀nà oko má ṣe dí, kí pátákó kékeré kan wà létí títì tó sọ ibi tí ọ̀nà wà àti ẹni tí a ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ìyá tó ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì láàárọ̀ rí oníbàárà kún tirẹ̀.

Owó ọkọ̀ ti wọ́n, òótọ́ ni. Láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí jálá tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ sì fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, gbogbo ìrìn ló ti gbówó lórí. Ṣùgbọ́n ohun tó mú owó tákísí gòkè ló mú owó epo mọ́tò ara ẹni gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú tákísí, àwa mélòó kan la jọ ń pín in. Ìdí mìíràn nìyẹn tí òkè tó súnmọ́ fi dára ju èyí tó jìnnà.

Ohun kan wà tí kò ní dúró dè wá: òkè náà fúnra rẹ̀. Ohun iyebíye mìíràn ti kúrò ní Ìkẹ́rẹ́ rí. Ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, gbẹ́ àwọn òpó fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Art Institute ní Chicago lónìí. Ilẹ̀kùn ààfin kan náà, tí wọ́n gbé lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924, wà ní British Museum ní London. Ọmọ Èkìtì tó bá fẹ́ rí wọn yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú. Òkè kò ṣeé gbé lọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé fọ́. Iṣẹ́ fífọ́ òkúta ń lọ lágbègbè Adó àti Ìkẹ́rẹ́. A nílò òkúta fún títì àti fún ilé, n kò sì sọ pé kí wọ́n dẹ́kun rẹ̀. Àwọn tó ń fúnni níwèé àṣẹ nílò láti mọ òkè tí àwọn ènìyàn ń gùn àti èyí tí ẹnikẹ́ni kì í dé, torí pé lórí ìwé, gbogbo wọn ló jọ ara wọn. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́rẹ́, Ògògà, Olúkẹ́rẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ ẹsẹ̀ òkè jọ jókòó, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn òkè tí a kò gbọ́dọ̀ fọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú àwọn ọ̀nà oko tó dé ibẹ̀, kí wọ́n sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fúnni níwèé àṣẹ kí àṣẹ tuntun mìíràn tó jáde.